Fídíò Tí Eyínfúnjowó Fi Wáṣẹ́

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá ló kéde pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́, wọ́n sì ní àwọn ò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà ya fídíò ara rẹ̀, kó sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó ṣe é kí wọ́n rí i, kó má sì jẹ́ kó gùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ ìkéde yìí, aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ ni wọ́n ń rò. Eyínfúnjowó ní tirẹ̀, bó ṣe kà á tán lórí fóònù, ńṣe ló dìde lọ wò ó bóyá ilẹ̀kùn wà ní títì.

Orúkọ àbísọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Màmá Kékeré, àbúrò ìyá rẹ̀ tó gbà á sílé, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó dé tòun ti ọmọ rẹ̀ obìnrin àti àpò kan ṣoṣo. Ó ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé náà mọ́. Ó wá wò ó títí, ó ní, "Eyín lo mọ̀ ọ́n ṣe. Eyínfúnjowó ni wàá máa jẹ́." Orúkọ náà mọ́ ọn lára, àwọn ará ilé ò sì mọ òmíràn.

Apòògùn ni ọkọ tó sá fún. Bí ẹ bá dé àdúgbò tí wọ́n ń gbé nígbà náà tí ẹ ní ẹ̀ ń wá èèyàn dáadáa, ilé rẹ̀ ni wọ́n máa júwe fún yín. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Á bá arúgbó gbẹ́rù, á fún ọmọ tó ń wúkọ́ ní oògùn láìgba nǹkan kan. Nínú ilé, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn náà ló fi ń bèèrè ibi tí ìyàwó rẹ̀ lọ, ẹni tó bá sọ̀rọ̀, àti ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan tí obìnrin náà pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ ní kó gbé ọwọ́ lé férémù ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ìyàwó rò pé òrùka ló fẹ́ wò. Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé oògùn àti báńdéèjì wá, ó kúnlẹ̀, ó di ìka kékeré náà fún un, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Pẹ̀lẹ́," ló ń wí. "Pẹ̀lẹ́ jàre." Pẹ̀lẹ́ yẹn dẹ́rù ba obìnrin náà ju ilẹ̀kùn lọ. Ìka náà jinná, ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fídíò fi já a láyà. Ó bá Màmá Kékeré níbi tó ti ń lọ aṣọ.

"Màmá Kékeré, ṣé kò síṣẹ́ tí wọn ò ti ní rí ojú èèyàn ni?"

"Ó wà. Iṣẹ́ olè." Wọ́dà ni Màmá Kékeré lọ́gbà ẹ̀wọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mo ṣọ́ àwọn tó ń ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Oúnjẹ wọn ò dáa."

"Mi ò ṣeré, ẹ̀yin náà ẹ. Tó bá rí mi ńkọ́?"

Ìyá náà gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbọ́. Láti ìgbà òjò ọdún tó kọjá lo ti wà nínú ilé yìí. O ò jáde, àfi kó o sọdá títì lọ fi ọmọ sílé ẹ̀kọ́. Bí ilẹ̀kùn bá dún, wàá dìde dúró. Bí mo bá ní kó o jókòó, wàá jókòó. Mo mọ bí ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń rí. Mi ò fẹ́ máa ṣọ́ ọ."

 Eyínfúnjowó náà mọ̀ pé ọwọ́ òun ti ń gbàgbé iṣẹ́. Nígbà mìíràn tó bá ń bó ìda àbẹ́là kúrò lára tábìlì, á rí i pé òun ti ń gbẹ́ ẹ ní eyín láìmọ̀, eyín náà á sì wọ́.

Bàbá Onífọ́tò ló ni ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé náà. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà ló ń yà, ó sì máa ń yangàn pé kò sí ojú tí òun ò tíì yà ládùúgbò àfi ti Eyínfúnjowó, tó ń pè ní ìyàwó òkè, tó ń sáré kọjá bí ẹni tí òjò ń lé. Nígbà tí Màmá Kékeré ní kó wá ran àwọn lọ́wọ́, ó gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà lé gun àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ọ̀rọ̀ fídíò ìwáṣẹ́ ò le," ló wí, bó ṣe jókòó. "Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà níwájú rẹ. Tó bá wà lẹ́yìn rẹ, òjìji lásán la máa rí. Má kàwé. Ojú ẹni tó ń kàwé níwájú kámẹ́rà máa ń sá kiri bí ojú ẹni tó jalè. Má sì sọ pé òṣìṣẹ́ kára ni ọ́, gbogbo ọ̀lẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣe iṣẹ́ kan níṣojú wọn, kí wọ́n rí i pé o mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, pa ẹnu dé."

"Ẹ jẹ́ ká ya ọwọ́ mi nìkan, bàbá."

Bàbá Onífọ́tò wo ọwọ́ náà. "Ìka yìí ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn ni."

Bàbá náà wò ó lójú díẹ̀, ó wá gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà lọ sí apá kejì níbi tí ìka náà ò ti ní hàn.  Ọwọ́ nìkan ni wọ́n yà lọ́jọ́ náà: àtùpà kékeré, ìda pupa tó ń yọ́, abẹ́ tíńtín, àti eyín kan tó ń yọrí díẹ̀díẹ̀ láti inú ìda bí èyí tó ń hù lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Wọ́n fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí èsì dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà, òun ló ń rí sí gbígba òṣìṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Iṣẹ́ yín wù wá gan-an. Ṣùgbọ́n a ò lè gba ọwọ́ nìkan síṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí yín."

"Òótọ́ ló sọ," ni Màmá Kékeré wí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ẹ̀rù ba Eyínfúnjowó débi pé kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, kí Bàbá Onífọ́tò tó gòkè wá, ó yẹ gbogbo yàrá náà wò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́ nínú koríko. Ó yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri nítorí orúkọ ìlú tó wà lára rẹ̀. Ó gbé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ pa mọ́ sínú yàrá. Ó ya bébà tó wà lára ìgò omi. Ó tilẹ̀ ní kí Màmá Kékeré pa rédíò kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ ìròyìn. Ìyá náà pa á, ó ní, "Tó o bá ní kí n dákẹ́ mímí náà, ṣáà sọ fún mi."

Bàbá Onífọ́tò ní kó jókòó, kó kọjú sí fèrèsé, kó kẹ̀yìn sí kọ́bọ́ọ̀dù àwo. Ìmọ́lẹ̀ náà bà lé e lójú dáadáa. Ó na ìka sí ihò dúdú kékeré tó wà lẹ́yìn fóònù, ó ní ibẹ̀ ni kó máa wò.

Eyínfúnjowó wo ihò náà. Ó jọ ojú. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tín-ínrín bí ti ọmọ tí olùkọ́ mú. Wọ́n tún un yà. Ó gbàgbé ọ̀rọ̀. Wọ́n tún un yà. Abẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn bo imú rẹ̀, Màmá Kékeré sì fi gèlè nù ún fún un.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Bàbá Onífọ́tò bèèrè níkẹyìn.

"Ilé iṣẹ́ náà."

"Ilé iṣẹ́ ò létí. Wá ẹnì kan. Ẹni tí ò lè bà ọ́ lẹ́rù."

Eyínfúnjowó ronú. Ó rántí ìyá àgbàlagbà kan tó ṣe eyín fún nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìyá náà kì í rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ bo ẹnu. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi eyín náà sí i lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ gòkè bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó dúró lágbedeméjì, ó sì padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Eyínfúnjowó bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ má fòyà, ìyá. Mo kọ́kọ́ máa ń wo bí ojú ẹni ṣe rí kí n tó gbẹ́ nǹkan kan, nítorí eyín tó bá funfun jù fún ojú tó ni ín, ọ̀tá ẹni náà ni." Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń gbẹ́ ìda, ó gbé eyín náà sókè, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

 Bàbá Onífọ́tò ti fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ tipẹ́.

"Fi èyí ránṣẹ́," ló wí. "Má tún nǹkan kan ṣe."

Akọ̀wé náà pè é lórí fóònù láìpẹ́ sígbà yẹn, ó ní ọ̀gá àwọn fẹ́ rí i lọ́jọ́ Ẹtì. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Eyínfúnjowó bá ọmọ rẹ̀ jó nínú yàrá. Màmá Kékeré ṣílẹ̀kùn, ó wò wọ́n, ó sì rọra tì í padà.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Onífọ́tò sáré gòkè láìgbé nǹkan kan dání àfi fóònù rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. "Ìyàwó òkè! O ti di gbajúmọ̀! Wò ó!"

Ilé iṣẹ́ náà ti gbé fídíò náà sórí ìkànnì wọn. Wọ́n kọ sí i lórí pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi fídíò wáṣẹ́ wá wo ti obìnrin yìí. Àwọn èèyàn ti ń fi ṣọwọ́ síra wọn. Ojú Eyínfúnjowó, tó tóbi, tó mọ́ rekete, ń rẹ́rìn-ín láti inú fóònù ẹlòmíràn.

 Ó fi ọwọ́ di ara ògiri mú.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀?"

"Èmi kẹ̀! Àwọn ni. Kí ló dé? Ohun tó dáa ni kẹ̀."

"Bàbá, bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là ń fọwọ́ bò ó jẹ." Ó ti ń wá fóònù tirẹ̀. "Ta ló ní kí wọ́n máa fi ojú mi kiri ayé?"

Ó pe akọ̀wé. Akọ̀wé náà gbé e pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń kí i kú oríire. Eyínfúnjowó ní kí wọ́n yọ fídíò náà kíákíá. Akọ̀wé bèèrè ìdí. Ó dákẹ́. Yàtọ̀ sí Màmá Kékeré, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Ìtìjú ló ń ṣe é, bíi pé òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ara òun lọ́wọ́. Màmá Kékeré dúró lẹ́bàá rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Mo sá fún ọkọ mi ni," ló wí sínú fóònù. "Tó bá mọ ibi tí mo wà, yóò wá."

 Nígbà tí akọ̀wé náà sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò lóhùn rẹ̀. "Ẹ foríjì mí. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, mi ò sì bi yín. Mo ń yọ ọ́ lọ báyìí. Ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń dúró, Bàbá Onífọ́tò ń ka ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, bóyá láti tù ú nínú. "Ẹni yìí ní Ọlọ́run á bù sí i. Ẹni yìí ń bèèrè bóyá o lè ṣe eyín fún ìyá òun. Ẹni yìí…" Ó dúró. "Èyí ò yé mi."

Eyínfúnjowó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni náà ò gbé fọ́tò sí ojú ìwé rẹ̀ lórí ìkànnì náà. Ohun tó kọ ò gùn: "Ọwọ́ rẹ ṣì dára. Ìka kékeré yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù? Pẹ̀lẹ́."

Fídíò náà parẹ́ lójú ìkànnì bó ṣe ń kà á. Akọ̀wé ní, "Mo ti yọ ọ́." Eyínfúnjowó ti rí ọjọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Àná ni wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Màmá Kékeré gbà á mú, ó fi í jókòó. "Ó ti rí ojú rẹ, ó dáa. Ojú kì í ṣe àdírẹ́sì. Kò mọ ibi tó o wà."

Ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, á sá fún ekòló. Ó mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó ṣí fídíò náà, ó ń wò ó. Kò wo ojú ara rẹ̀. Ògiri ló ń wò, tábìlì, ìgò omi. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un wò, ó ń dá a dúró, ó ń fi ìka fẹ̀ ẹ́. Ó wá rí kọ́bọ́ọ̀dù àwo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Nínú gíláàsì náà, lókè èjìká rẹ̀, fèrèsé tó kọjú sí hàn kedere, títì hàn, òdìkejì títì náà sì hàn: géètì, ògiri, àti pátákó ńlá tí wọ́n kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sí. Orúkọ náà kẹ̀yìn síwájú, bí ìwé ṣe ń rí nínú dígí. Ọmọdé lè tò ó.

Kò pariwo. Ó dìde, ó lọ síbi fèrèsé. Títì kún bíi ti ojoojúmọ́. Níwájú géètì ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ wà láàárọ̀ yẹn, ọkọ̀ funfun kan tí kò rí rí wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni nínú rẹ̀.

"Màmá Kékeré, ó ti dé."

Ìyá náà ò bèèrè ta ni. Ó ti ń wá bàtà. "Gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, níbi ilé ìdáná wọn. Mò ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Onífọ́tò, ìwọ lọ dúró ní géètì. Bí ó bá mú ọmọ jáde, dùbúlẹ̀ síwájú ọkọ̀ rẹ̀."

"Kí n dùbúlẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ kí n tẹ́ ẹní fún ọ ni?"

Eyínfúnjowó sọdá títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Awakọ̀ kan bú u. Ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó kọjá lára àwọn alásè tí wọ́n ń fọ ìkòkò, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró lọ sí yàrá ọ̀gá àgbà. Kí ó tó débẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn náà. Jẹ́jẹ́ ni, bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà. Mi ò bínú sí i. Àárẹ̀ ọpọlọ ló ń ṣe é, kò sì gba oògùn mọ́. Apòògùn ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo kàn fẹ́ rí ọmọ mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ohùn ọ̀gá àgbà dáhùn, àánú sì wà nínú rẹ̀. "Wọ́n ti lọ pè é."

Eyínfúnjowó fẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì gbọ́ tí eyín ara rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó fi ọwọ́ di àgbọ̀n rẹ̀ mú kí wọ́n má baà gbọ́ ọ. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó sá, pé ilé ìdáná ò jìnnà. Mi ò lè bú u fún ìyẹn. Ìbẹ̀rù tí wọ́n fi jẹ́jẹ́ kọ́ni kì í tètè kúrò lára.

Ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí. Olùkọ́ kan mú ọmọ náà wọlé.

"Wá, ọmọ dáadáa," ni ọ̀gá àgbà wí. "Ṣé o mọ bàbá yìí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Eyínfúnjowó ò rí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ tí ọ̀rá tí ẹ̀bùn wà nínú rẹ̀ ń dún.

Ọmọ náà dáhùn.

"Rárá, mà. Mi ò mọ̀ wọ́n rí."

"Wọ́n ti kọ́ ọ," ni bàbá náà wí, jẹ́jẹ́. "Wá síbí."

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn, "wá síbí," ló gbé ẹsẹ̀ Eyínfúnjowó. Kó tó mọ̀, ó ti wà nínú yàrá, ó ti dúró síwájú ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Kò dìde.

"Ìyàwó mi," ló wí. "Ṣé ẹ rí i, mà? Ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n."

Òótọ́ ni, ó ń gbọ̀n. Látọjọ́ tó ti fẹ́ ọkùnrin yìí, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Mò ń gbọ̀n nítorí ẹ̀rù rẹ ń bà mí." Ó yíjú sí ọ̀gá àgbà, ó gbé ọwọ́ sókè. Ìka kékeré náà hàn, wíwọ́ bí ẹ̀ka igi. "Òun ló ṣẹ́ ẹ. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ara mi yá, mà. Ẹ má fún un lọ́mọ."

Ọ̀gá àgbà wo ìka náà. Ó wo ọkùnrin náà, tí ẹ̀rín ò tíì kúrò lójú rẹ̀. Ó wá wo ọmọ náà, ó sì rí omi tó ń ṣàn gba ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀gá àgbà dìde, ó mú ọmọ lọ́wọ́, ó fà á sẹ́yìn tábìlì ńlá rẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà, sà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká dúró de àwọn tó máa bá wa dá sí i."

Ọkùnrin náà ò jà. Ìyẹn ló le jù. Nígbà tí Màmá Kékeré dé pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eyínfúnjowó, ó dúró díẹ̀.

"Fídíò yẹn dára," ló wí. "Bó o ṣe ń wo èèyàn lójú nínú rẹ̀, o ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí."

Níta, wọ́n bá Bàbá Onífọ́tò níwájú ọkọ̀ funfun náà. Kò dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó nà tán, àwọn awakọ̀ sì ń fọn fèrè fún un.

Àwọn ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà, wọ́n kìlọ̀ fún un, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Wọ́n ní kò tíì ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí Màmá Kékeré mọ̀ ní kí Eyínfúnjowó mú ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́, òun á bá a dúró. Ó dáa, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ò sùn sí ẹnu ọ̀nà ẹni. Ní alẹ́ yẹn, Màmá Kékeré gbé àga sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó lé e, ó ní ìgbà ìkẹyìn tí òun máa ṣọ́ ẹnikẹ́ni nìyí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Eyínfúnjowó ò lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Fóònù ló fi bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ti ṣàlàyé fún un. Ọ̀gá náà ò fi àkókò ṣòfò. Ó ní àwọn ní ibi iṣẹ́ mìíràn tó jìnnà sí ìlú náà, níbi tí wọ́n ti nílò ẹni tó mọ eyín iwájú gbẹ́. Kò sẹ́ni tó máa gbé orúkọ rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ síbì kankan. "Ohun tí mo rí nínú fídíò yẹn ló jẹ́ kí n máa wá yín," ló wí. "Mo fẹ́ kí ẹ wá bá wa ṣiṣẹ́. Ìgbà wo lẹ lè dé?"

Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Màmá Kékeré ò sunkún, ó ń bá awakọ̀ jà nítorí ibi tó gbé ẹrù sí. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gbéra, ọmọ náà fi orí ti apá ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, mo purọ́ fún ọ̀gá wa."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí mo ní mi ò mọ Dádì."

Eyínfúnjowó fẹ́ sọ pé kì í ṣe irọ́. Kò lè sọ ọ́. "Ẹ̀rù ló bà ọ́," ló wí. "Ẹ̀rù ba èmi náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, ẹsẹ̀ mi ò gbé. Bí kì í bá ṣe pé mo gbọ́ tí wọ́n ní kó o wá ni, bóyá ibẹ̀ ni ǹ bá wà títí di ìsìnyí."

"Ṣé bí n óò ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn títí láé? Pé mi ò mọ̀ wọ́n?"

Níwájú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun dìde. Èjìká rẹ̀ àti bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀ díẹ̀ jọ ti apòògùn náà. Eyínfúnjowó di ọmọ náà mú. Ọkùnrin náà yíjú, ó ń wá àpò rẹ̀ lókè. Ọ̀dọ́ ni, irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lójú rẹ̀. Ó jókòó padà.

"Rárá," ni Eyínfúnjowó wí. "Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, sọ fún mi. N ò ní bínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí."

Ọmọ náà ronú sí i. Kò pẹ́, oorun gbé e lọ. Apá tó fi orí lé kú, ìka kékeré náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá rẹ̀ nítorí atẹ́gùn tútù tó ń gba fèrèsé wọlé. Kò ti fèrèsé náà kí ọmọ má baà jí. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dé.